Àgúnmu Ata-Ilẹ̀ Pupa Tí O Fi Ọwọ́ Ara Rẹ Gún

                                                            Ilé Rájí,
                                                            Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
                                                            Ìkàrẹ́-Àkókó,
                                                            Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                                            29 Oṣù Kẹta, 2023.

Tíṣà, ọ̀rẹ́ tó ti di ẹbí mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ sì kú ooru tó mú yìí. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ọ̀kà? Christiana ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Orúnkún rẹ tó máa ń dùn ọ́ bí o bá ń gun òkè ilé yín ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ṣé iṣu tí o tọ́jú sínú abà kò tíì máa rà? Ní tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́. Limota ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n bi ọ́ léèrè ohun tó ṣe ọ́ tí o fi sọ ara rẹ di àlejò sí wa. Ìbéèrè yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé.

Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín. Ta ló ṣì ń kọ lẹ́tà láti Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà lóde òní, nígbà tí ọ̀kadà á gbé èèyàn débẹ̀ kí omi ẹ̀kọ tó hó? Mo sì mọ̀ pé bírò pupa ti wà lọ́wọ́ rẹ, tí o ń wá ibi tí mo ti gbàgbé àmì. Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu, télọ̀ ni mí. Dókítà ló ní kí n má fi ohùn mi ṣòfò. Kò gbọdọ̀ sí ariwo, kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ gígùn lórí fóònù, kódà ó ní kí n má máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nítorí pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà ń fún ọ̀fun lọ́rùn. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́. Èyí tí mo ní fún ọ ti ju agbára ẹnu mi lọ báyìí, ni mo bá gbé bírò. Suleiman, àbúrò Limota, ni yóò gbé e wá bá ọ lórí ọ̀kadà rẹ̀, bí àwọn ọlọ́pàá bá jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ọpẹ́ ni mo wá dú, Tíṣà. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, mi ò sì fẹ́ di ọlọ́ṣà sí ọ lọ́rùn lọ́jọ́ ogbó. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí àgúnmu tí o fún mi, àgúnmu kan náà tí mo gbọ́ pé o ń tìtorí ẹ̀ sá fún mi. Christiana ló tú ọ fó. Nígbà tí mo ti ibi ìtọ́jú ní Ìbàdàn dé, tó gbé gúáfà wá kí mi, mo bèèrè rẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní o jókòó sínú ilé, o ní ojú wo lo fẹ́ fi wò mí, pé díẹ̀ báyìí ló kù kí ọwọ́ rẹ ba ohùn mi jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọ̀fun mi lọ. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìdajì ẹ̀ ni o gbọ́.

O rántí bí ohùn mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í há. Àwọn kan ní eruku ọyẹ́ ni, àwọn kan ní obì ni mo ń jẹ jù, Lèmọ́mù wa ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ló ń bínú sí mi. Ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ yọjú wo ọ̀nà ọ̀fun mi ni wọ́n rí kókó kan níbi tí ohùn ti ń jáde. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ní a tètè rí i, pé bí àwọn bá fi ìtànṣán lù ú lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó lè lọ kó sì fi ohùn sílẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n bí ìtànṣán kò bá ràn án, wọ́n á gé àpótí ohùn náà kúrò. Tíṣà, láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ṣì dúdú ni mo ti ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí yìí. Ládàánì tí kò lóhùn, kí ni wọ́n fẹ́ máa pè é? Nígbà tí mo wá sọ fún ọ nílé rẹ, èmi ò sunkún. Ìwọ lo sunkún, tí mo tún wá ń bẹ̀ ọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà lo pè wá lórí fóònù. Inú rẹ dùn débi pé o ò rántí kí wa. O ní Mọ́júbọ́lá ọmọ wa ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì lórí àwọn èròjà kan tó wà nínú oúnjẹ, nínú ata-ilẹ̀ pupa, nínú aáyù, nínú àlùbọ́sà àti ewé tíì, pé wọ́n lè máa dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ara lọ́wọ́ ìtànṣán. O ní o ti gún un, o ti jọ̀ ọ́, ó ń bọ̀ lọ́la. Ó yẹ kí o mọ ohun tí àwa gbọ́ níhìn-ín, nítorí o mọ bí fóònù ṣe máa ń já lórí òkè yín. Limota ló gbé fóònù dání. Ohun tó wọ etí rẹ̀ ni pé àgúnmu ń bọ̀ láti Ọ̀kà tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ ìtànṣán àti sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí ilé wa sì mọ̀ ni ti àgọ́ ọlọ́pàá. Èmi náà rò ó díẹ̀, mo ní bóyá oògùn náà gbọ́ tibí, ó gbọ́ tọ̀hún.

Ni ike olómọrí ńlá yẹn bá dé. Òórùn aáyù gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù mi, oníbàárà kan bi mí bóyá mo ti fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀, mo ń ta súyà. Àgúnmu rẹ sì ta sára jálàbíà funfun kan tí mo ń ran kọ́là rẹ̀ lọ́wọ́. A fọ̀ ọ́ títí, kò lọ, ni mo bá ní kí ẹni tó ni ín jẹ́ kí n fi òwú aláwọ̀ ìyeyè ṣe ọnà sí gbogbo kọ́là náà. Inú rẹ̀ dùn, àwọn èèyàn sì ti ń wá ran irú ẹ̀. Ní ti Limota, kò sí ohun tí kò bù ú sí, ẹ̀kọ, ọbẹ̀, tíì. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ó pe Suleiman sẹ́yìnkùlé, ó dì díẹ̀ fún un sínú ọ̀rá, ó ní kó máa lá a kó tó gbé ọ̀kadà jáde, kí àwọn ọlọ́pàá yé tì í mọ́lé nítorí ìwé ọ̀kadà tí kò ní.

Èmi ti di ike tèmi sí ìsàlẹ̀ báàgì, mo fi aṣọ bò ó. Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ fún dókítà kankan ní Ìbàdàn. O mọ àwọn dókítà, wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ àgúnmu. Mo fẹ́ kí wọ́n máa ṣe tiwọn, kí èmi náà máa lá tèmi lẹ́yìn wọn, títí ìtọ́jú á fi parí.

Àsìkò yẹn ni Mọ́júbọ́lá wá kí mi pé kí n lọ ire. Ọmọ tó gbọ́ ẹ̀kọ́ ni, Ọlọ́run á bá ọ wò ó. Ó kúnlẹ̀, ó kí wa, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì mu omi tán tí Suleiman fi dé, tí ojú rẹ̀ le. Àgọ́ ọlọ́pàá ló ti ń bọ̀. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Wàláhì, oògùn yín yìí kò jẹ́ rárá o! Mo lá a láàárọ̀, mo lá a lọ́sàn-án, wọ́n sì tún jù mí sí sẹ́ẹ̀lì. Àbí ó ní èèwọ̀ tí ẹ ò sọ fún mi ni?" Limota ní àfi bó bá jẹ́ pé ó jẹ ẹja gbígbẹ mọ́ ọn. Mọ́júbọ́lá rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú, ó wá bèèrè irú oògùn wo ló ń gbani lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì. Limota wọlé lọ, ó tú báàgì mi, ó gbé ike jáde. Ó ní, "Bàbá rẹ ló gún un. Ìwọ náà lo ṣe ìwádìí ẹ̀." Ẹ̀rín ọmọ náà dúró lójú ẹsẹ̀.

Ó bi mí bóyá mo fẹ́ máa lo èyí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń fi ìtànṣán tọ́jú mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ló burú ńbẹ̀? Ó wá rọra ṣàlàyé fún mi pé sẹ́ẹ̀lì tí òun ń wí kì í ṣe ilé àwọn ọlọ́pàá, pé òun ni wíńníwínní tí wọ́n fi mọ ara èèyàn, tí ojú lásán kò lè rí. Ó ní òun máa ń tọ́jú wọn sínú àwo pẹlẹbẹ kékeré, òun á fún wọn ní èròjà inú ata-ilẹ̀ pupa tàbí ti ewé tíì, òun á tan ìtànṣán sí wọn, òun á wo èyí tó yè. Ó ní lóòótọ́, nínú àwo yẹn, àwọn kan tó rí èròjà náà gbà ń yè ju àwọn tí kò rí i lọ. Ṣùgbọ́n àwo kì í ṣe èèyàn, ohun tí a gbé mì kọ́ ló ń dé inú ara bó ṣe wà, ẹnikẹ́ni ò sì tíì lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò rí bẹ́ẹ̀ lára aláìsàn. Ó wá ní ohun tó ba òun lẹ́rù jù ni pé jẹjẹrẹ náà, sẹ́ẹ̀lì ni.

Tíṣà, inú bí mi. Mo bi í pé ṣé irọ́ ni iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà náà? Ọmọ náà kò bá mi jà. Ó yíjú sí Suleiman, ó bi í pé àwọn wo ni wọ́n jọ wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Suleiman ní ọkùnrin kan wà ńbẹ̀ tó jí ewúrẹ́ gbé, òmíràn wà ńbẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, òun sì jókòó sáàárín wọn. Mọ́júbọ́lá ní, "Bí òjò bá ń pa yín, tí ẹnì kan fi tapólì bo òrùlé sẹ́ẹ̀lì yẹn, ta ni òjò ò ní pa mọ́?" Suleiman ní gbogbo àwọn ni. Ó ní, "Títí kan olè?" Suleiman ní títí kan olè.

Mo wo ike, mo wo ojú ọmọ náà. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ó ní ibi tí àwọn onímọ̀ ṣì wà gan-an nìyẹn, pé wọ́n ń wá èyí tí yóò bo ọmọlúwàbí tí kò ní bo olè, wọn ò tíì rí i dáadáa. Ó ní kí n jẹ ẹ̀fọ́, kí n jẹ tòmátò, kí àlùbọ́sà wà nínú ọbẹ̀ mi bó ṣe ti ń wà tẹ́lẹ̀, oúnjẹ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ṣíbí-ṣíbí àgúnmu lójoojúmọ́, kí n gbé e han dókítà ná, kí n má fi pamọ́.

Mi ò ní parọ́ fún ọ, ó dùn mí ju ọjọ́ tí wọ́n dárúkọ àrùn náà fún mi lọ. Gbogbo ìtọ́jú yòókù, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà. Ike rẹ nìkan ni mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣí. Ṣùgbọ́n mo gbé e dé Ìbàdàn lójú gbogbo ayé, mo gbé e ka orí tábìlì dókítà. Obìnrin ni. Ó ṣí i, ó sín léraléra, ó bi mí ẹni tó gún un kúnná tó báyìí. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni. Ohun tí Mọ́júbọ́lá sọ lòun náà sọ. Ó ní kí n gbé e tì títí ìtànṣán yóò fi parí, kí n máa jẹ ẹyin, ẹja, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀fọ́ kí ara mi má bàa fà. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mi ò fi pamọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń fi pamọ́.

Ìtọ́jú náà kò rí bí mo ṣe rò. Wọ́n kọ́kọ́ fi ike rírọ̀ kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wọn ojú àti ọrùn mi, ó sì gan mọ́ mi lára. Èmi tí mo ti ń wọn ọrùn àwọn èèyàn láti kékeré, mo ní àwọn wọ̀nyí mọ ìwọ̀n ju èmi lọ. Mi ò rí iná, mi ò mọ ìgbóná kankan lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn-ò-rẹyìn ni ọ̀fun mi wá ń ta mí, tí itọ́ gbẹ, tí iyán kò yàtọ̀ sí òwú lẹ́nu mi. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ní mi ò lọ mọ́. Ọ̀dọ̀ Safurat ọmọ mi ni mo dé sí, ojú fèrèsé ibẹ̀ ni mo gbé ike rẹ kà. Bí mo bá ti dé, òun ni mo ń rí. Christiana ti sọ fún mi pé ìwọ fúnra rẹ lo gún un, pẹ̀lú orúnkún yẹn, o ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ, àti pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ pọ́n bí ìyeyè tó bẹ́ẹ̀ tí o fi lọ gba ara Olúwa lọ́jọ́ Ìsinmi tí àlùfáà ń wò ọ́. Mi ò lá a, Tíṣà. Ṣùgbọ́n mo máa ń wò ó, mo máa ń rí ẹ nídìí odó, màá sì dìde, màá tún lọ.

Ó ti lọ. Wọ́n tún yọjú wo ọ̀fun mi, wọn ò rí kókó náà mọ́. Wọ́n ní kí n máa padà wá fún àyẹ̀wò, mo sì ń lọ, ṣùgbọ́n àpótí ohùn mi wà níbi tí Ọlọ́run fi sí. Alihamudulilahi.

Mo tún bi dókítà léèrè ọ̀rọ̀ ike. Ó ní nísinsìnyí tí ìtànṣán ti parí, bí a bá bu díẹ̀ sínú ọbẹ̀ bí a ṣe ń bu èròjà ọbẹ̀, kò burú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Limota bu ìwọ̀nba sínú ẹ̀fọ́. Mo fi òkèlè kan sẹ́nu, mo ṣe bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mo ké pé, "Ó korò!" Limota sáré jáde láti bá mi wí pé mo pariwo. Ìgbà tó yé e pé ẹnu mi ti mọ adùn, ó ti mọ ìkorò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ó ń sunkún. Ọ̀rẹ́ mi, àgúnmu rẹ burú lẹ́nu. Mi ò tíì jẹ ohun tó dùn tó o rí.

O lè sọ pé bí kò bá sí ike rẹ, kò ní sí ewu rárá. Irọ́ ni. Kí tìrẹ tó dé, Limota ti ra oríṣi àgúnmu méjì tí wọ́n ń polówó lórí rédíò, mo sì fẹ́ gbé méjèèjì lọ lábẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Mi ò mọ ẹni tó po wọ́n, ẹni tó po wọ́n ò sì mọ̀ mí. Àgúnmu tìrẹ nìkan ló ní ọmọ tó wá sọ òótọ́ fún mi. Nígbà tí mo fi tìrẹ sílẹ̀, mo fi tiwọn náà sílẹ̀. Nítorí náà, bí o bá ń wá ẹni tí yóò dá ọ lẹ́bi, má wá a sí Ìkàrẹ́. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́júbọ́lá gidigidi. Sọ fún un pé Suleiman ti gba ìwé ọ̀kadà rẹ̀, ó ní ìwé yẹn nìkan ni àgúnmu tó jẹ́ fún òun.

Bá mi kí Christiana, gúáfà rẹ̀ dùn. Bá mi kí Pius àti Grace àti gbogbo ará ilé. Limota, Safurat àti Suleiman ń kí yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà kò jẹ́ kí èmi gbà á, ṣùgbọ́n ó ní mo lè pe ìrun, ẹ̀ẹ̀kan péré lóòjọ́. Mo mú Màgáríbì, tí àwọn èèyàn fi ń ṣínu. Ohùn náà kò rí bíi tàná, ó wálẹ̀, ó sì máa ń já láàárín. O rántí ìgbà tí o ń ṣe tíṣà níbí, tí o gba yàrá sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí? Lọ́jọ́ tí mo sùn gbàgbé Àsùbá, kò sí Mùsùlùmí kan tó bá mi wí. Ìwọ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lo wá kan ilẹ̀kùn mi, o ní mo mú ọ pẹ́ dé iléèwé. Yàrá yẹn ṣì wà, a ti gbá a. Wá ní ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó wọ̀. Má retí pé màá fi fóònù pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lè pè lóòjọ́, wá síbi tí wàá ti gbọ́.

                                                            Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń korò,
                                                            Badmus Rájí,
                                                            Ládàánì.